Àlejò Inú Àgò

Iná ilé kejì kú nínú àgò náà, ti ilé kẹta tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mopélọ́lá gbé orí kúrò lára gíláàsì.

"Ekòló ni, Mà."

"Kí ló dé tí kì í ṣe afòmọ́?" Ìyáàfin Fálànà ló bi í bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí àwọn olùdánniwò, obìnrin tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í gòkè.

"Afòmọ́ kì í dá rìn, Mà. Ó gbọ́dọ̀ rí igi tí yóò lẹ̀ mọ́, kí ẹnìkan sì gbé igi náà kiri fún un. Èyí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ́ láti ilé kan bọ́ sí èkejì ni."

"Ọ̀nà wo ló gbà?"

"Ihò kan wà lára ilé àkọ́kọ́ tí wọn ò dí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀."

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Onílé ni," Mopélọ́lá dáhùn, gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó òkè sì bá a wí i pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bá gbogbo olùṣèdánwò wí i: "Onílé ni!"

Àgò yìí kò tóbi ju tábìlì ìjẹun lọ. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ilé kéékèèké sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí èyí tó ga ju ṣùkù àgbàdo lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó sì ní ẹ̀rọ omi tí omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àwọn ètò ẹ̀rọ olóró tí wọ́n mú nínú ilé àwọn ará ìlú sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ orúkọ onílé kúrò lára wọn. Ní ìlú Òkè-Àràbà, wọn kì í fi ìwé dán ẹ̀ṣọ́ wò. Ẹni tó kà nípa ejò kò tíì rí ejò.

Àwọn ará agboolé Alápó ti kún ìlà méjì lórí ìjókòó òkè. Wọn kò wá ṣeré. Láti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú ti já agboolé wọn kúrò lára okùn tó so ẹ̀rọ gbogbo ilé ìlú pọ̀, ẹ̀rọ omi ilé wọn kì í dá wọn lóhùn mọ́, iná kì í tàn bí wọ́n bá ní kó tàn, omi kànga ni wọ́n ń fà bí àwọn baba ńlá wọn. Agboolé tí kò bá ní ẹ̀ṣọ́ tó gba àmì kò gbọ́dọ̀ wà lára okùn ìlú, kí àìsàn ilé kan má baà ran gbogbo ilé. Mopélọ́lá, ìyàwó Àkànní, ni wọ́n fà kalẹ̀ láti lọ gba àmì náà wá. Àkànní fúnra rẹ̀ wà lókè níwájú gbogbo wọn, ó na ọrùn bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹnìkan nínú wọn nìkan ni kò jókòó. Bàbá Ọlátẹ́jú, tó bí Àkànní, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n bá gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń dán ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ wò. Dídúró ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà. Oòrùn ti pa bùbá rẹ̀ láwọ̀ dà, àfi ojú ibi tí àmì náà máa ń wà láyà rẹ̀. Ibẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, ó rí róbótó bí ojú tí kò lè pàdé.

Mopélọ́lá kì í fẹ́ wo ibẹ̀. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, orúkọ ni yóò fún un. Bàbá Ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ń pe bàbá ọkọ rẹ̀ yìí. Nígbà tó wá di pé ètò olóró tí wọ́n ń pè ní ajínigbé wọ agboolé Alápó, tó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa lẹ́ẹ̀kan náà, tí Bàbá sì dìde níwájú ìgbìmọ̀ tó ní, "Mo sùn," Mopélọ́lá pa orúkọ náà dà. Bàbá Ṣílẹ̀kùn ló sọ ọ́. Ẹ̀rín ló ń fi pè é o, tòun ti ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n sì ń pè é lójú gbogbo ayé, Bàbá sì ń jẹ́ wọn.

Ẹnu Mopélọ́lá dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," Ìyáàfin Fálànà wí. Ó fi ìka ti àwo kékeré kan sún mọ́ etí tábìlì. Àmì-ẹ̀ṣọ́ náà wà nínú rẹ̀, idẹ róbótó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. "Bí o bá mọ èyí, o ti mú un lọ sílé nìyẹn. Farabalẹ̀ o, ìyàwó Alápó. Lójú àgò, ọ̀sẹ̀ kan kì í pẹ́ rárá."

Wọ́n pa gbogbo ilé inú àgò, wọ́n sì tún wọn tàn. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí àárín. Nǹkan kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí fún un wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ọmọ ilé ló ti ìrìn àjò dé. Ó wọlé, ó jókòó, kò sì ṣe ohun kan. Iná ń tàn, omi ń sun, ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń pàdé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ nínú àgò, àlàáfíà ni. Ó wá di lójijì, gbogbo ilẹ̀kùn ilé kékeré náà pa dé gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iná sì di pupa.

"Ajínigbé!" obìnrin kan pariwo lókè, wọ́n sì ní kó dákẹ́.

Mopélọ́lá tún tẹjú mọ́ ilé náà. Ohun tó gbé ọkùnrin tó ṣáájú rẹ̀ ṣubú láàárọ̀ nìyẹn: ó fi ìwà ìkẹyìn sọ ẹ̀dá lórúkọ. Ajínigbé tó wá fúnra rẹ̀ máa ń já ilẹ̀kùn ni. Èyí kò já nǹkan kan.

"Mo fẹ́ gbọ́ ohùn tó fi wọlé, Mà."

Ìyáàfin Fálànà mi orí bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì na ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i. Mopélọ́lá fi sétí. Òun nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Bí òfin ti wí nìyẹn, nítorí oríkì ilé ẹni kan lè wà níbẹ̀.

Oríkì sì ni lóòótọ́. Wọ́n ti yí ohùn ẹni tó ń kì í padà di ti ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, wọ́n sì ti fi ariwo tín-ín bo orúkọ agboolé náà níbikíbi tó bá ti yọ. "Ọmọ tín-ín, ọmọ a-rógun-má-tìlẹ̀kùn, ọmọ a-gbàlejò-kó-tó-bèèrè-orúkọ." Mopélọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Oríkì yìí jọ ti ilé wọn. Àwọn agboolé tó ń fi àlejò gbígbà yangàn kò kúkú lóǹkà.

Lẹ́yìn náà ohùn inú ìkòkò náà sọ pé: "Ọmọ ẹyẹ tó fò lọ, tí ìyẹ́ rẹ̀ kù sílé." Ó dúró díẹ̀. Ó rọra wí pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó tó," bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ó sì tún gba orin náà padà láti ibi tó fi í sí.

Mopélọ́lá tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ etí.

Kò sí ẹsẹ ẹyẹ kankan nínú oríkì Alápó. Kò sí i nínú oríkì ilé ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fún ẹnìkan ṣoṣo.

Ìyá arúgbó kan ló pè é lórí okùn lọ́jọ́ náà láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó ń léfòó lórí òkun. Ìbídàpọ̀, ọmọ rẹ̀, ṣì kéré, èjìká Mopélọ́lá ló ń sùn lé. "Ọmọ Alápó ni mí," ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Orí omi ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kì mí mọ́. Ìyàwó mi, mo gbọ́ pé kò sí ohùn tó dà bí tìrẹ nílé wa. Kì mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó lọ."

Mopélọ́lá mọ òfin. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n ní Òkè-Àràbà. Ẹ̀rọ lè sín ohùn ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó mọ oríkì agboolé, nítorí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í sì í kì í lórí okùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni ìyá yìí, ọkọ ló jẹ́ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ìyàwó wo ni ọkọ rẹ̀ yóò ní kó kì òun tí yóò ní òfin kò gbà? "Ẹ má sunkún mọ́, ọkọ mi," ó wí, ó sì ki oríkì náà dé ìdí. Ilẹ̀kùn ilé kì í fẹ́ ju ẹsẹ mẹ́ta lọ kó tó ṣí. Mopélọ́lá kò mọ bí a ṣe ń dúró ní ẹsẹ mẹ́ta. Nígbà tí oríkì tán, ó fi ẹsẹ ẹyẹ lé e láti inú ara rẹ̀, ó dúró rẹ Ìbídàpọ̀ tó ta jí, ó sì tún ń bá a lọ. Ìyá arúgbó náà sunkún títí ó fi pa ẹ̀rọ. Inú Mopélọ́lá dùn dọ́jọ́ kejì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó fẹ́ kí adùn náà jẹ́ tòun nìkan.

Ṣé kò fura nígbà tí ilẹ̀kùn pa? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó fura. Ìfura náà yọ orí lẹ́ẹ̀kan, bí eku ṣe ń yọ orí nínú ihò, Mopélọ́lá sì yára fi orúkọ Bàbá Ṣílẹ̀kùn dí ihò náà. Bó bá ti ń pè é lójoojúmọ́ ni ihò náà ń dí sí i.

Ìbídàpọ̀ wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn pa. Ta ló gbé e jáde? Bàbá ni. Ó fi èjìká ọ̀tún já ilẹ̀kùn náà títí eegun fi yẹ̀, èjìká náà kò sì tún gòkè dáadáa mọ́. Mopélọ́lá gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fún Bàbá ní orúkọ tuntun kó tó di ọjọ́ mélòó kan.

Ó gbé ojú wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bàbá ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́ ohùn inú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ilé inú àgò ṣe, ó sì ti rí ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀, síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí àgbà ṣe ń ṣe sí ọmọ tó fẹ́ na ọwọ́ sí iná. Má ṣe é.

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni, òun ló kọ́kọ́ mú ẹ̀dá náà, òun ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tó fi wọlé, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ojú ti Mopélọ́lá débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó rántí gbogbo ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀ tó ń pe Bàbá Ṣílẹ̀kùn, tí ọkùnrin náà ń wò ó, tó ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa, ṣé dáadáa lo jí?"

"Irú wo ni?" Ìyáàfin Fálànà bèèrè.

Ó yọ ẹ̀rọ náà létí. Ohùn rẹ̀ jáde, ó tilẹ̀ dùn pàápàá. "Àlejò ni, Mà. Ajínigbé ló fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kẹ́yìn kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Kò já ilẹ̀kùn, kò gba ihò. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ni."

"Ọ̀nà wo ló gbà?"

"Oríkì ilé. Ẹnìkan ti gbà á lọ́wọ́ ará ilé ṣáájú, lórí okùn."

Ariwo ìyanu sọ lókè. Àkànní ti dìde, ó ti ya ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Fálànà gan-an ti fi ìka kan àmì inú àwo.

Lára ògiri tó wà lẹ́yìn obìnrin náà, wọ́n kọ òfin kan síbẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí: Ẹni tó bá rí ilẹ̀kùn tirẹ̀ nínú àgò, kó wí. Kò sí ẹni tí Mopélọ́lá mọ̀ tó wí i rí. Ẹni tó bá wí i, wọn yóò pa ohùn rẹ̀ rẹ́ fún odidi ọdún kan: kò sí ilẹ̀kùn tí yóò dá a mọ̀, kò sí ọkọ̀ tí yóò dúró bó bá pè é, kò sí ẹ̀rọ omi tí yóò sun fún un. Yóò máa rìn láàárín ìlú bí odi. Òun, Mopélọ́lá, tí ilẹ̀kùn ń ṣí tán tí yóò sì máa dúró de orin rẹ̀!

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

Ìdáhùn náà kì í kúkú ṣe irọ́. Onílé ni. Ṣé ìyàwó ilé kì í ṣe onílé ni? Ẹnu lásán ni, gbogbo ayé ní yóò bá a wí i, omi yóò padà sílé, Bàbá fúnra rẹ̀ sì ti ní kó má ṣe é. Mopélọ́lá la ẹnu.

"Èmi ni," ó wí.

"Onílé ni!" ìjókòó òkè hó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rì sínú tiwọn bí òkúta sínú odò. Àkànní ń pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin ilé ti ń kọrin. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, àfi obìnrin tó wà níwájú rẹ̀, tí ìka rẹ̀ dúró lórí idẹ náà.

"Kí lo wí?" Ìyáàfin Fálànà rọra bi í. Ó tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ sì wá rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Onílé lo wí, àbí? Etí mi lè má gbọ́ dáadáa. Ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ."

Ilẹ̀kùn àbáyọ kan tún ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ó dun Mopélọ́lá pé ó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Èmi ni, Mà," ó wí sókè, orin sì já lókè. "Èmi ni mo ki oríkì ilé wa lórí okùn. Ilé wa ló wà nínú àgò yẹn. Bàbá wa ò sùn."

Àtẹ́wọ́ Àkànní ló kẹ́yìn, ó pa ọ̀kan tó dá dún, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mopélọ́lá kò wo òkè. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú kò sí nínú gbọ̀ngàn náà, ẹ̀sín nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìyáàfin Fálànà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ sì dúró níwájú ìgbìmọ̀, ẹ ní ẹ sùn."

"Mo wí bẹ́ẹ̀." Bàbá fi ọwọ́ òsì pa èjìká ọ̀tún. "Ọmọ ọwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá. Wọn ì bá pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Bí ọmọ bá ń gbóná lóru, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn fún un? Èmi ńkọ́, ibo ni mo fẹ́ gbé ohùn lọ?"

Obìnrin náà mú àmì náà nínú àwo, ó dìde, ó sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi idẹ náà sí ojú ibi dúdú tó wà láyà bùbá rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó wí.

Wọ́n wá àga fún un. Ó jókòó bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é.

Ẹ̀rọ tó ń pa ohùn rẹ́ wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́. Ìyáàfin Fálànà fúnra rẹ̀ ló mú Mopélọ́lá lọ síbẹ̀. "Sọ nǹkan," ó wí fún un. "Ohunkóhun. Kí ó lè mọ ohùn tí yóò gbàgbé." Mopélọ́lá, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá ọ̀rọ̀ tì. Ó wí pé, "Ẹ má bínú, Bàbá Ẹ̀ṣọ́." Ẹ̀rọ náà dún tín-ín. Ó ti tán.

"Ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọ títí ọdún yóò fi yípo," Ìyáàfin Fálànà wí. "Bí ẹ̀ṣọ́ ilé yín tilẹ̀ pàṣẹ fún un, kò ní í ṣí. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣí i." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn yàrá náà fún un. "O mọ iṣẹ́ náà o. Ó dùn mí."

Àwọn ará ilé gbé Bàbá sínú ọkọ̀, wọ́n ń ki ara wọn kú oríire, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jọ ti oríire. Àkànní bọ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò bá a rìn. Mopélọ́lá ní kó máa lọ wo Ìbídàpọ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun.

Ó rìn. Nítòsí ọjà ó gbàgbé, ó pe ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára igi. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó dúró níwájú ẹ̀rọ omi ìgboro títí ọkùnrin kan fi wá, tó ní "Omi!", tó bu tirẹ̀, tó sì bojú wò ó. Ọkùnrin náà rí i pé kò sọ̀rọ̀, ó fura sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì yára lọ. Mopélọ́lá fi ọwọ́ gbọ́n ìyókù tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó dé agboolé Alápó. Láti ìta ló ti ń gbọ́ omi tó ń sáré nínú páìpù ilé, tí àwọn ọmọdé ń pariwo fún un pé kó sun, kó tún sun. Okùn ti padà. Ilẹ̀kùn náà ti jí.

"Ta ni?" ó bi í.

Ẹnu rẹ̀ ti ki ẹsẹ kan kó tó rántí.

"N kò mọ ohùn yìí," ilẹ̀kùn wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Àlejò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró."

Mopélọ́lá ká ìka rẹ̀ kò, ó kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ńlá ni, irin ni, kò sì sí ẹni tó kàn án rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Ó kàn án títí ìka fi ń dùn ún. Ariwo omi rọlẹ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ ọmọdé kan sì sáré wá sítòsí.

"Bàbá Ṣílẹ̀kùn!" ọmọ náà kígbe. "Bàbá Ṣílẹ̀kùn o! Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn!"

Mopélọ́lá fi iwájú orí ti irin náà. Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti fọ́ káàkiri ilé, àwọn ọmọ sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kiri. Bó bá kó o títí di ọjọ́ ogbó, kò lè kó o tán.

Ẹsẹ̀ àgbà dé lẹ́yìn ti ọmọdé.

"Ta ni?" Bàbá bèèrè.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ta ni?"

Bí gbogbo àgbà ṣe ń bi ẹni tó bá kanlẹ̀kùn náà nìyẹn. Ìyàwó yín ni, ìyá Ìbídàpọ̀ ni, ìdáhùn pọ̀ nílẹ̀ tí ì bá fi fèsì, kò sì rí èyí tí ẹnu rẹ̀ lè gbé.

"Èmi tí mo ṣílẹ̀kùn ni," ó wí.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí Bàbá ní kí àwọn ọmọ kúrò lọ́nà, ó gbọ́ ọ̀pá irin tó ń yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, ó sì gbọ́ èjìká tó ń ti ilẹ̀kùn náà láti inú, lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, lẹ́ẹ̀kejì. Ó mọ̀ pé ti òsì ni, nítorí ti ọ̀tún kò ṣeé fi ti nǹkan mọ́.